Irú Àlejò Tó Ń Wá Ni Irú Etí Omi Tí A Ó Ní

Ní ọdún 1987 ni ẹ̀rọ iná mànàmáná tó wà ní Nangbéto, ní agbègbè Atakpamé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. CEB, iléeṣẹ́ tí Tógò àti Dàhòmè (tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí) jọ dá sílẹ̀ ní 1968, ló kọ́ ìsédò náà sórí odò Mónò. Ẹ̀yìn ìsédò yìí ni omi ti tẹ́ lọ rẹrẹ, tó sì di adágún ńlá tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 180 kìlómítà onígun mẹ́rin nígbà tó bá kún. Àwọn ènìyàn tó lé ní 7,000 ló fi ilé àti oko bàbá wọn sílẹ̀ nítorí omi náà.

Lónìí, adágún náà ń mú ohun mìíràn wá, yàtọ̀ sí iná àti ẹja. Àwọn àlejò ń wá wo ìsédò. Wọ́n tún ń wá wo erinmi, ẹran ńlá tó ń gbé inú omi lọ́sàn-án tó sì ń gòkè wá jẹ koríko lóru. Ibi tí àlejò bá ti ń dé, ọ̀rọ̀ ilé ìtura, oúnjẹ títà, ọkọ̀ ojú omi àti ilẹ̀ títà kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ń gbé etí omi náà béèrè ìbéèrè kan ṣáájú ohun gbogbo: ta ni àlejò náà? Níbo ló ti ń bọ̀, kí ló sì ń wá?

Ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ kò sọ pé ènìyàn orílẹ̀-èdè kan sàn ju ti èkejì lọ. Ìdí ìbéèrè náà ni pé omi àti yanrìn nìkan kọ́ ló ń sọ ibì kan di ibi ìgbafẹ́. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ló ń yí oúnjẹ ibẹ̀ padà, tí wọ́n ń yí èdè, iṣẹ́, iye owó ilẹ̀ àti ìwà àwọn ọ̀dọ́ padà. Nangbéto kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n odò Mónò tó gba ibẹ̀ kọjá ń lọ wọ òkun ní agbègbè Grand-Popo, ní Bẹ̀nẹ̀. Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ìlú kan ti ń gba àlejò láti òkèèrè. Ohun tí ojú wọn ti rí lè jẹ́ dígí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú àlejò kan yàtọ̀ sí òmíràn

Ohun mẹ́rin ló ń fa ìyàtọ̀ náà.

Èkíní ni àsìkò. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, òtútù máa ń mú ní Yúróòpù. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀ẹ̀rùn wa. Ará Yúróòpù tó ń sá fún òtútù máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìtura á ṣófo, òṣìṣẹ́ á sì padà sílé láìgbowó. Ẹni tó ń ti ìlú tó wà nítòsí wá kò rí bẹ́ẹ̀. Òun á wá ní ọjọ́ Àìkú, ní ọdún Àjíǹde, ní Kérésìmesì tàbí lẹ́yìn Iléyá.

Èkejì ni ọ̀nà àti èdè. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń lọ síbi tí okòwò àtijọ́ àti ìjọba àmúnisìn ti lànà sílẹ̀. Nítorí náà ni ará Faransé fi pọ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ ní Gáńbíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etíkun kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí àlejò ń wá. Ẹnìkan ń wá oòrùn, ẹlòmíràn ń wá ìtàn àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Ẹnìkan ń wá ẹbí, ẹlòmíràn wá ṣòwò ó sì fi ọjọ́ kan sinmi.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà tí owó ń gbà wọ ìlú. Àlejò kan lè san owó ọkọ̀ òfuurufú, ibùsùn àti oúnjẹ pa pọ̀ fún iléeṣẹ́ kan ní Yúróòpù kó tó kúrò nílé. Nígbà tó bá dé, díẹ̀ ló kù lápò rẹ̀ fún alákàrà àti ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì wá kì í lówó tó o, ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá dé ló ń san owó: fún awakọ̀, fún ẹlẹ́ja, fún ẹni tó ń ta omi tútù.

Lomé: ojú Jámánì àti ojú Faransé

Ilẹ̀ Jámánì ló ṣàkóso Tógò láti 1884 títí di 1914. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Faransé gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí Tógò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìtura ńláńlá ní Lomé láàárín ọdún 1970 sí 1980, ará Faransé àti ará Jámánì wà lára àwọn tó wá jù. Èyí kò yani lẹ́nu. Àlejò máa ń kọ́kọ́ wá síbi tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà.

Àwọn méjèèjì lè dúró lórí yanrìn kan náà kí ojú wọn má wo ibì kan náà. Ẹ jẹ́ ká wo agbègbè Atakpamé. Ní Kamina, lẹ́bàá ìlú náà, àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí kò lo wáyà, tó ń bá ilẹ̀ Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fúnra wọn ló bà á jẹ́ kí wọ́n tó túúbá. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ará Jámánì tó mọ ìtàn á fẹ́ dé Kamina. Ará Faransé lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìbojú wẹ̀yìn, kó máa wá ibi tí omi ti ń ṣàn lórí àpáta. Ọmọ Atakpamé ní tirẹ̀ lè rí irin àti sìmẹ́ńtì lásán. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó ń rí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Onílé ló kù tí yóò fi ohun tó kù hàn án.

Láàárín ọdún 1990 sí 1993, rògbòdìyàn òṣèlú ṣẹlẹ̀ ní Tógò. Ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1992 pẹ́ fún oṣù púpọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ sí Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn àlejò láti Yúróòpù kò wá mọ́. Nígbà tí ara ìlú balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irú àlejò ti yí padà. Hôtel 2 Février, tí wọ́n ṣí ní 1980, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì tún ṣí ní 2016, di ibi ìpàdé àwọn olórí, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ àjọ káàkiri Áfíríkà. Alápèéjọ kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Ó ń sùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó ń jókòó nínú yàrá tútù, ó sì lè padà sílé láìtẹ yanrìn etíkun. Òṣìṣẹ́ tó mọ ètò ìpàdé ló ń rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ya ọkọ̀ ojú omi kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Gáńbíà: ìlú tó fara ti àlejò kan

Gáńbíà kéré, Sẹ̀nẹ̀gà sì yí i ká àfi lápá òkun. Ní 1965, ọdún tó gba òmìnira, ọkùnrin ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Bertil Harding kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bíi 300 wá láti Swídìn. Òtútù ilẹ̀ wọn ni wọ́n sá fún. Kò pẹ́ tí ilé ìtura fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá òkun, ní Bakau, Kotu àti Kololi.

Àwọn ará Swídìn ló la ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá di onílé níbẹ̀. Èdè wọn ni èdè ìjọba Gáńbíà. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń padà wá lọ́dọọdún. Etíkun náà wá gba àwọ̀ wọn: oúnjẹ àárọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọtí wọn, àti bọ́ọ̀lù wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ire tirẹ̀. Ẹni tó ń wá lọ́dọọdún máa ń mọ orúkọ àwọn ènìyàn, àwọn mìíràn sì ń san owó ilé ìwé fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá mọ̀. Ó sì ní ibi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi oko àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé àlejò kiri etíkun láti tọrọ owó tàbí láti wá ẹni tí yóò mú wọn lọ sí Yúróòpù. Ìjọba ní láti kọ́ àwọn afinimọ̀nà tòótọ́, kí ó sì fún wọn ní àmì ìdánimọ̀, kí àlejò lè mọ ẹni tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ owó náà di ìjà. Àwọn ilé ìtura kan ń gba owó oúnjẹ, ọtí àti ibùsùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò kò wá rí ìdí tí yóò fi jáde lọ jẹun níta. Ní 1999 ìjọba Gáńbíà fòfin de irú ètò bẹ́ẹ̀ kí owó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ ìta àti awakọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó àlejò wá ta kò ó, òfin náà kò sì pẹ́ nílẹ̀ tí wọ́n fi yí i padà. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ẹni tó ń kó àlejò wá lè lágbára ju ẹni tó ni ilẹ̀ lọ.

Ewu tó tóbi jù ni ti gbígbára lé ẹyọ orílẹ̀-èdè kan. Ní oṣù keje 1994, àwọn ológun gbàjọba ní Gáńbíà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n má lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan láti Lọ́ńdọ̀nù tó láti sọ ilé ìtura di ahoro lọ́dún náà. Ní 2014, àrùn Ẹ̀bólà jà ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró. Kò wọ Gáńbíà rárá, síbẹ̀ ẹ̀rù ba àwọn àlejò, wọn kò wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Cook, tó ń kó àlejò púpọ̀ wá, kógbá wọlé lóru ọjọ́ kan. Kò sí èyí tí alágbàfọ̀ àti alásè Gáńbíà fọwọ́ fà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n àwọn ni owó já lọ́wọ́ wọn.

Sẹ̀nẹ̀gà: nígbà tí àlejò di onílé

Ní 1975, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà dá iléeṣẹ́ SAPCO sílẹ̀ láti ṣètò etíkun tó wà ní gúúsù Dakar. Saly, tó jẹ́ abúlé apẹja tẹ́lẹ̀, di ibi ìgbafẹ́ ńlá. Ará Faransé ló kún ibẹ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Gáńbíà ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dúró sí ilé ìtura mọ́. Wọ́n ra ilé, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún.

Àlejò tó ra ilé ń gba aṣọ́nà, olùtọ́jú ọgbà, alásè àti bíríkìlà síṣẹ́. Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í parí pẹ̀lú àsìkò òtútù. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ń gòkè. Ọmọ apẹja tó fẹ́ kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ á rí i pé apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ ná owó rẹ̀ tán láàárín ọdún díẹ̀, ẹni tó rà á sì ń jẹ ẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ yìí ló kan ará Nangbéto jù nínú gbogbo ìtàn etíkun, nítorí ilẹ̀ etí adágún náà kò ní pọ̀ sí i.

Gánà àti Ouidah: àwọn tó ń wá ìtàn

Àlejò kan wà tí kò wá yá oòrùn. Àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà, Bràsíìlì, Háítì àti àwọn erékùṣù tó yí i ká ń wá sí etíkun wa nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ̀ kó àwọn bàbá ńlá wọn lọ sí oko ẹrú.

Ní Gánà, ilé olódi Elmina, tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482, àti ti Cape Coast ni wọ́n ń lọ jù. Ní ilé kan náà, ohun tí oníkálùkù ń bẹ̀ wò yàtọ̀. Ará Họ́láńdì ń wá ìtàn àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tó ti ṣàkóso Elmina rí. Ará Àṣáńtì ń wá yàrá tí wọ́n ti ọba wọn, Prempeh Kìíní, mọ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un ní 1896. Ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà ń lọ tààrà sí àjà ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ẹrú pamọ́ sí. Láàárín ọdún 1990 síwájú, nígbà tí wọ́n tún àwọn ilé náà ṣe, tí wọ́n kùn ún ní funfun, tí wọ́n sì fi ilé oúnjẹ sí ti Cape Coast, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lójú tiwọn, a kì í jẹun, a kì í mutí lórí ibojì. Lójú àwọn ará ìlú kan, ilé tó mọ́ tí iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ ni ìdàgbàsókè. Ìjà náà kọ́ àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ pé ìtàn àti fàájì kì í jókòó sórí àga kan náà láìsí ètò. Ní 2019, Gánà pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lẹ́yìn odi ní ìpè pàtàkì, ó pè é ní Ọdún Ìpadàbọ̀, nítorí ó pé 400 ọdún tí wọ́n kó ẹrú Áfíríkà dé Virginia ní 1619.

Bẹ̀nẹ̀ náà tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ní Ouidah, Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 dojú kọ òkun. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdọọdún, ọdún Vodun ń fa ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó lọ lè di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Irú àlejò yìí kì í béèrè ibùsùn etíkun. Ó ń béèrè ẹni tó mọ ìtàn tó sì lè sọ ọ́ láìparọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ àwọn àgbà di ohun tó lówó lórí.

Grand-Popo: àlejò díẹ̀, àmì púpọ̀

Ẹ padà sí ibi tí odò Mónò ti ń wọ òkun. Ní Grand-Popo, ní ọdún 2000, ará Fínlándì kan, Juha Vakkuri, dá ilé àṣà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Villa Karo. Àwọn òǹkọ̀wé, akọrin àti ayàwòrán láti Fínlándì ń wá gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan láti ṣiṣẹ́. Wọn kò pọ̀ bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Gáńbíà. Fínlándì kò sì ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà kankan rí. Síbẹ̀ wọ́n fi ibi ìkàwé, ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí àti sinimá sí àrọ́wọ́tó àwọn ará ìlú. Ọmọ Grand-Popo lè wọ ibi tí àlejò wà, kó jókòó, kó sì kàwé. Kò sí ọ̀pọ̀ ilé ìtura etíkun tí ọmọ ìlú lè wọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni.

Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé iye àlejò nìkan kọ́ ló ń sọ bí ìlú yóò ti rí. Ohun tí wọ́n wá ṣe àti bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún onílé ló ń sọ ọ́.

Ohun mìíràn so Grand-Popo mọ́ Nangbéto. Odò ló ń gbé yanrìn lọ sí òkun. Ìsédò ń dá apá kan yanrìn náà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èbúté Lomé, tí wọ́n ṣí ní 1968, náà ń dá yanrìn tí ìgbì ń gbé lọ sí ìlà-oòrùn dúró. Nítorí náà ni òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ láti Lomé dé Aného, tó ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ. Etíkun tí yanrìn rẹ̀ ti lọ kò ní ohun tí yóò fi pe àlejò kankan, ì báà jẹ́ Jámánì tàbí Faransé. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ni apá ìsàlẹ̀ odò náà. Ní 2017, UNESCO ka agbègbè ìsàlẹ̀ odò Mónò sí ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ní ìhà orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Aládùúgbò náà jẹ́ àlejò

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́, òyìnbó ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n láti 1979, àdéhùn CEDEAO ti jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú rẹ̀ lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ará Gánà ń ti Aflao rìn wọ Lomé. Ará Nàìjíríà ń gba Cotonou kọjá wá. Àlejò yìí ń jẹ oúnjẹ tí a ń sè nílé, ó ń sọ èdè tí a gbọ́, ó sì fẹ́ràn ijó, orin àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Etíkun tirẹ̀ kún fún ariwo ní ọjọ́ Àìkú, ó sì dákẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Òun náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, owó tí ará Nàìjíríà lè ná ní sẹ́fà dín kù gidigidi. Nígbà àrùn Kòrónà, Tógò ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta 2020, kò sì ṣí i títí di oṣù karùn-ún 2022. Ní àkókò yẹn, òyìnbó kò wá, aládùúgbò kò sì lè wá. Ọmọ ilẹ̀ Tógò nìkan ló kù: ìdílé láti Lomé, ọmọ ilé ìwé láti Atakpamé, ẹgbẹ́ ìjọ tó wá sinmi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tó ní àlejò mẹ́rin yóò ṣì rí jẹ nígbà tí méjì bá lọ.

Kí ni Nangbéto yóò yàn?

Ohun tí àwọn àlejò yìí ń fẹ́ lè takora. Ẹni tó wá wo erinmi àti ẹyẹ ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ọkọ̀ tó ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, àti afinimọ̀nà tó mọ ibi tí a kì í dé. Èyí kì í ṣe àṣejù, torí erinmi lè dojú ọkọ̀ dé, ó sì lè pa ènìyàn. Ìdílé tó wá láti Lomé ń fẹ́ ẹja yíyan, òjìji àti orin. Bí ẹ̀rọ orin bá ń pariwo lẹ́bàá ibi tí erinmi ń sinmi, ẹran á sá, ẹni tó wá wò ó kò sì ní padà wá. Ojútùú rẹ̀ kò ju pé kí a pín ibì kan fún fàájì, kí a sì fi ibòmíràn sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀ kí ilé ìtura àkọ́kọ́ tó dìde.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà wà nílẹ̀. Erinmi tí àlejò ń sanwó láti wò lọ́sàn-án lè wọ oko ẹlòmíràn lóru. Bí owó àlejò bá ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ nìkan, tí àdánù sì ń wà lọ́rùn àgbẹ̀ nìkan, ìfẹ́ erinmi kò ní pẹ́ nínú ìlú. Apá kan owó náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí erinmi jẹ oko rẹ̀. Bákan náà, àwọn tí omi lé kúrò nílé yẹ lẹ́ni tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí omi kan náà bá fẹ́ mówó wọlé.

Èyí tó le jù ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí Tógò ṣe ní oṣù kẹfà 2018 fún ìwé ní ipò pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè tẹ̀ka sí títà nígbà tó rò pé òun ń yáni nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ti mọ̀wé kà gbọ́dọ̀ wo ohun mẹ́rin nínú ìwé kó tó fọwọ́ sí i: ṣé títà ni àbí yíyá? Ọdún mélòó? Èló, ìgbà wo la ó sì san án? Ta ni yóò ni ilé tí a bá kọ́ sórí rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé? Nínú ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò ti hàn bóyá Nangbéto yóò dà bíi Saly tàbí bíi Grand-Popo.

Ohun kan wà tí ìlú lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de owó ìjọba: ìwé àkọsílẹ̀ kan ní etí omi. Kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń ta ẹja máa kọ ọjọ́ tí àlejò dé, ibi tó ti wá, ohun tó wá wò àti iye tó ná. Lẹ́yìn ọdún kan, ìlú á mọ̀ bóyá Lomé, Cotonou, Atakpamé tàbí Yúróòpù ló ń bọ́ ọ. Á mọ oṣù tí ènìyàn ń wá àti oṣù tí wọn kì í wá. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá gbé ètò ilé ìtura ńlá kalẹ̀, tó sì ń ṣèlérí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò, àwọn ará ìlú á ní àkọsílẹ̀ tiwọn lọ́wọ́ láti fi wọn ìlérí náà wò. Àlejò tó bá wọlé bí òkété la máa ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀, ṣùgbọ́n onílé ló yẹ kó mọ iye ẹ̀kùrọ́ tó wà nínú agbọ̀n.